Èdè Tí Ẹ̀rọ Bọ̀dá Gbọ́

Kọ̀ǹpútà inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ló ń bọ́ gbogbo ọ́fíìsì náà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ìpín ìdókòwò fún oníbàárà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á bó bá wọ́n. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní Bọ̀dá ló kọ ètò inú rẹ̀, pé ètò náà ló ń dá rà, tó ń dá tà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ọ́fíìsì. Òun ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá.

Oníbàárà tó tóbi jù ní kí wọ́n máa bá òun tà lọ́jà òkèèrè náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń lọ. Ọ̀gá bá gba amọ̀ṣẹ́-kọ̀ǹpútà kan, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, pé kó wá fẹ ètò náà sí i. Wọ́n jókòó láti mú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi kọ apá tuntun.

"Ẹ jẹ́ ká lo Páítọ́ọ̀nù," amọ̀ṣẹ́ wí. "Ó rọrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ ọ."

"Ó ti lọ́ra jù," Bọ̀dá dáhùn.

"Jáfà ńkọ́, sà?"

"Wàhálà ẹ̀ pọ̀."

"Síì tó yára?"

"Kò ní bá tèmi ṣe."

"Èdè wo wá ni tiyín, sà?"

Bọ̀dá wo aago. "Ọjà ti fẹ́ ṣí." Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

"Ṣé èdè ló ń bà á lẹ́rù ni," Ọ̀gá wí, "àbí ẹni tó máa gbọ́ ọ?"

"Mà, ẹni tó bá ń bù nínú ìkòkò kì í fẹ́ ká ṣí ọmọrí."

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ọjà bá ti ṣí, Bọ̀dá kì í jáde. Oúnjẹ rẹ̀ á tutù sẹ́nu ọ̀nà. Kì í gbé fóònù. Ó ní ẹ̀rọ ò fẹ́ ariwo. Bí ọjà bá tì, á máa fi òróró pa ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ ò rà, kò tà. Ó ní àtúnṣe lòun ń ṣe sí i.

"Àtúnṣe látorí ibùsùn?" Ọ̀gá wí fún amọ̀ṣẹ́. "Ó níbi tó ń darí owó wa gbà."

Ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Bọ̀dá, bẹ́ ẹ bá ń jà mí lólè, ẹ sọ ọ́ níbí."

"Mi ò mú nǹkan ẹ rí."

"Ẹ jẹ́ kí amọ̀ṣẹ́ ka ètò yín nígbà náà. Bí kò bá mọ́, ẹ máa lọ ni. Màá gbàgbé pé ẹ pọ̀n mí rí."

Bọ̀dá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. "Kí n tó sọ pé ètò náà ti parí lo ti sọ fún gbogbo ayé."

"Kí lèyí kan olè?"

Bọ̀dá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta.

Amọ̀ṣẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ibí, ó ṣí ọ̀hún, ó padà síbi tó ti kọ́kọ́ ṣí.

"Èló ló gbé?" Ọ̀gá bi í.

Kò sí ètò kankan nínú ẹ̀rọ náà, àfi bọ́tìnnì méjì lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún rírà, ọ̀kan fún títà, tí Bọ̀dá ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì.