Ọkọ̀ Tó Ń Ké Bí Ewúrẹ́

Ọkọ̀ tí wọ́n gbé fún Ṣẹ̀san tún ṣe ní Rochdale ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, bó bá sì ti gbéra, abẹ́ rẹ̀ á máa ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe é, awakọ̀ kàn máa ń tẹ pẹ́dàlì kan ni, ọ́ìlì á sì gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí gbogbo oríkèé abẹ́ ọkọ̀. Àwọn páìpù náà ti jẹ tán. Derek tó ni ilé iṣẹ́ náà ní kí Ṣẹ̀san ya àwòrán òmíràn, kó sì ṣe é. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́, Derek á gbà á síṣẹ́, á sì fún un ní sponsorship. Bí kò bá dákẹ́, físà Ṣẹ̀san á parí, òun àti Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ á sì kó ẹrù wọn gba Manchester Airport lọ sílé.

Ṣẹ̀san ya àwòrán páìpù, ó ṣe wọ́n, ó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì gún régé. Ọ́ìlì ni kò gbọ́ràn. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po tirẹ̀ ní kíṣìnnì wọn ní Rusholme.

Kẹ́mi kì í ju ohun tó bá ṣófo nù. Bí èèyàn bá ṣí ike ice cream nílé wọn, ẹ̀gúsí ló máa bá níbẹ̀. Ìgò olive oil tó ṣófo ló nà sí ọkọ rẹ̀ pé kó rọ ọ́ìlì rẹ̀ sí.

"Ṣé ẹ ti gbàdúrà sí i?"

"Viscosity ni wàhálà mi, Kẹ́mi, kì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Ó ki jù ni."

Ṣẹ̀san gbà pé Ọlọ́run wà. Kò kàn rò pé Ó mọ nǹkan kan nípa páìpù ni.

Lọ́jọ́ Sunday, ó já Kẹ́mi sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sáré yọ ìgò olive oil tí ìjọ ní kó bá àwọn rà fún àdúrà látinú bàgì tí ọ́ìlì tirẹ̀ náà wà, ó gbé e fún Pásítọ̀ Ọdúnayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Brother Ṣẹ̀san, ẹ ò ní wọlé ni?"

"Ẹ má bínú sà. Iṣẹ́ ń dúró dè mí."

Ní Rochdale, ó rọ ọ́ìlì inú ìgò tó kù sínú táńkì, ó tẹ pẹ́dàlì. Ọ́ìlì náà ṣàn wẹ́rẹ́ dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tiẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó ní ooru ló fà á. Derek wakọ̀ náà yí àdúgbò po, ewúrẹ́ kò ké. Inú Ṣẹ̀san dùn débi pé ó fò sókè.

Iṣẹ́ wá pọ̀, Ṣẹ̀san kò sì rí àyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kẹ́mi ló ń gbé ìròyìn bọ̀.

"Òróró oṣù yìí lágbára o! Ó kan gèlè Sister Naomi, wọ́n fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Pásítọ̀ ní èdìdì ni. Orúnkún Màmá Rẹ̀mílẹ́kún tó máa ń dún kẹ̀kẹ̀, wọ́n fi pa á, kò dún mọ́!"

Ṣẹ̀san rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí ohun tí ẹ̀yin èèyàn yìí ò lè gbà gbọ́."

Kò pẹ́ tí Derek fi pè é. Ó ní ọ́ìlì yẹn gan-an lòun ń wá. Kó wá pò ó lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ Monday, lẹ́yìn náà lòun á fọwọ́ síwèé sponsorship.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," ni Kẹ́mi wí, ló bá fà á lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú Monday náà. Ṣẹ̀san dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbólóhùn kan, ó sì fi ìyókù ṣàlàyé ọpọlọ ara rẹ̀. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún jó, ó bẹ̀rẹ̀ dé ilẹ̀, ó dìde láìdi àga mú.

"Orí tó gbọ́n tó báyìí," ni Pásítọ̀ wí, "ẹ jẹ́ ká ta òróró sí i."

Òróró náà ṣàn láti iwájú orí Ṣẹ̀san wá sí imú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ọ́ìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò ní kíṣìnnì ni.