Pósí tí Àkíbù Gbé Dé Bodè

Ọdún tí epo bẹntiró gbówó lórí lójijì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹnu ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni mo sì ti gbọ́ ọ. Àkíbù ni orúkọ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbọ́n jù. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Tí ẹ bá rí ọgbọ́n kan tó ń rìn gbéregbère kiri ní Ọ̀rányàn, tèmi ni o. Ẹ bá mi lé e wálé."

Bàbá rẹ̀, Ààfáà Muhydeen ti Bẹyẹrunkà, ló ni ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò kan ní Ọ̀rányàn, n'Íbàdàn. Nígbà tí eegun bàbá ṣì le, ó ń ta jíà àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ogbó dé, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé Àkíbù lọ́wọ́. Ó ní, "Máa tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá kú, ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n má jẹ owó oníbodè o. Èmi ò jẹ ẹ́ rí."

Zulaihat, àbúrò Àkíbù lóbìnrin, ló ń bá a tajà. Nígbà tí Àkíbù fẹ́ lọ ra ọjà ní Kútọnu, Zulaihat ní, "Bọ̀dá mi, ẹ fi owó bodè kún owó ọjà o. Èrè jíà kan ṣoṣo ló máa gbé e."

Àkíbù rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìjọba ló ń bá mi ru jíà ni? Kí wọ́n wá bá mi gbé e sẹ́rù ná, kí wọ́n tó máa gbowó."

"Ẹ ò ní gbọ́, àbí?"

"Zulaihat, ẹnu ọ̀nà ni òmùgọ̀ ń gbà wọlé. Èmi mọ fèrèsé."

Fèrèsé tí Àkíbù mọ̀ ni pé wọn kì í gba owó bodè lórí òkú. Ó ra pósí kan tó ń dán ní Kútọnu. Ó to jíà mẹ́rin sí i. Ó fi ogójì ọpọlọ mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, dí gbogbo àlàfo ibẹ̀, ó sì kàn án níṣòó. Ó gbé e sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó so màrìwò mọ́ imú bọ́ọ̀sì, ó wọ aṣọ dúdú, ó sì ń fi ẹkún dánra wò lọ lójú ọ̀nà. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ti Àkíbù burú ju ti ọ̀bùn lọ, nítorí kò sí ẹni tó kú fún un rárá.

Oníbodè kan dá a dúró. Jàmíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pópó Yemọja, n'Íbàdàn kan náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta lẹ gbé yìí?"

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n ti tán nínú àpò Àkíbù. Ó lè pe orúkọ èyíkéyìí láyé, àmọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Bàbá mi ni, ọ̀gá. Ààfáà Muhydeen ti Bẹyẹrunkà, n'Íbàdàn."

Jàmíù di orí mú. "Ìnnà lílláhi! Ààfáà mi? Àwọn ló kọ́ mi ní kéú!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti kan pósí, ó sì dá ọwọ́ dúró. "Ẹ gbọ́ ná. Ààfáà, nínú pósí? Pẹ̀lú màrìwò? Aṣọ funfun la fi ń sin Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ ká tú wọn sílẹ̀, ká wẹ̀ wọ́n, ká kírun sí wọn lára."

"Wọ́n ti ń rùn, ọ̀gá."

"Òórùn epo jíà ni òkú Ààfáà ń rùn?"

Àkíbù bú sí ẹkún tó ti fi dánra wò. Títí dòní ló máa ń sọ pé, "Ọmọ ààfáà ni mí o, mo wá di ààfáà sínú pákó bí ẹni di tòmátì."

Jàmíù ní kí òun kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé. Ó pe nọ́ńbà Ààfáà, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni yóò gbé e. Ó jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta.

"Àsàláámù àléékúmù," ohùn àgbàlagbà kan ló wí bẹ́ẹ̀.

"Wàáléékúmù sàláámù. Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù Ààfáà o."

"Ààfáà wo?"

"Ààfáà Muhydeen."

"Èmi nìyí. Ìgbà wo ni mo kú?"

Jàmíù wo fóònù, ó wo pósí, ó wo Àkíbù. Ó ní, "Ọmọ yín kan ló gbé pósí dé bodè, ó ní ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀," ó sì gbé fóònù sí Àkíbù lẹ́nu.

"Àkíbù, ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ta ló wá wà nínú pósí?"

"Jíà ni, Bàbá. Jíà àti ọpọlọ."

"Ọpọlọ ta ni?"

"Ti mọ́tò ni, Bàbá."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Àkíbù kò tilẹ̀ kúrò lẹ́nu bodè. Wọ́n gba ọjà, wọ́n gba bọ́ọ̀sì, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé e. Nígbà tí ó padà dé Bẹyẹrunkà, ó bá bàbá rẹ̀ tó nà gbalaja lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi aṣọ funfun bora dé ọrùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Òkú kì í dìde. Tí bàbá bá kú, kí ni wọ́n ń pín?"

"Ogún ni, Bàbá."

"O káre. Tìrẹ ti wà nínú pósí ní bodè, lọ gbà á. Zulaihat, gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Ìkúnlẹ̀ Àkíbù kò yí i padà. Zulaihat ló ni ṣọ́ọ̀bù náà dòní. Ó ń san owó bodè, ó ń san owó-orí, ó sì ń sùn dáadáa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni Àkíbù ti ń lẹ táyà. Tí àwọn oníbàárà bá kí i pé, "Olóòkú, ẹ kú iṣẹ́ o," á dáhùn pé, "Ẹ ṣé o. Ogójì ọpọlọ ló wà nínú pósí, ẹni tó gbé e ni ò ní ẹyọ kan."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò fara sin. Owó bodè àti owó-orí kò dùn ún san, èmi náà a máa kùn kí n tó san tèmi. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn san ní ọ̀sán gangan kì í lé e kiri. Ikú yá ju ẹ̀sín, bí àwọn àgbà ti wí. Àkíbù fi ikú bàbá rẹ̀ ṣeré, ẹ̀sín ló kó bọ̀. Ẹ san ohun tó bá tọ́, kí ẹ sì fi alààyè sílẹ̀ kó máa wà láàyè. Ohun tí Àkíbù pàdánù nìyí: jíà mẹ́rin, ogójì ọpọlọ mọ́tò, bọ́ọ̀sì kan, ṣọ́ọ̀bù kan. Pósí nìkan ni wọ́n dá padà fún un.