Àpótí Tí Ọmọrí Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Dún

Ìsọ̀ Athol Brinsmead wà lẹ́yìn ilé, ó kọjú sí odò Huon. Ọkọ̀ ojú omi onígi ló ń kàn níbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Báyìí, bó bá gbé ife tíì, orí ṣòkòtò rẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ń dà sí. Ìdí nìyí tí Merle, ìyàwó rẹ̀, tí kò mú ayùn lọ́wọ́ rí láyé rẹ̀, fi jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ ní ìgbà òtútù yẹn, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àpótí.

Gbogbo ará etí odò ló mọ irú àpótí tó jẹ́. Àwọn Brinsmead kì í ra àpótí eérú ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ti sun òkú tán, inú àpótí tí wọ́n kàn nílé ni eérú ń wọ̀, ẹni tó kù nílé ló sì ń kàn án. Wọ́n á gbé e dé àárín odò, wọ́n á da eérú sómi, wọ́n á sì gbé àpótí padà wálé láti máa lò ó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lẹ́wà. Ti ìyá Athol wà lórí pẹpẹ ní kíṣìnnì, ewé tíì ló wà nínú rẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ kún fún ìwọ̀ ẹja.

Merle fẹ́ kí tiwọn yìí parí kí ọjọ́ náà tó dé, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà. Igi aláwọ̀ oyin tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ tí Athol kàn gbẹ̀yìn ló fi ń ṣe é.

Àpótí àkọ́kọ́ tóbi. Athol wò ó yípo.

"Ta ló fẹ́ wọ inú èyí, màlúù?"

"O ò sọ ìwọ̀n fún mi."

"Kékeré máa tó." Ó gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọrí sì ń dún kà-kà-kà bí eyín ẹni tí òtútù mú. "Gbọ́ ọ. Ọmọrí tó ń sọ̀rọ̀ ò dáa. Ẹni tó máa gbé e wọkọ̀, ara ẹ̀ lè má balẹ̀. Ṣé kí eérú wá fọ́n sí i láṣọ ni?"

"Mo ti gbọ́."

"Tún un ṣe."

Merle fi í dáná. Ẹni tí iná ń jó lórí òrùlé rẹ̀ kì í sùn, ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Orí ìjókòó ló ti ń rẹ́ igi, kò lè dúró pẹ́. Fìlà òwú kò kúrò lórí rẹ̀, kódà nídìí ààrò, ṣùgbọ́n òtútù ọdún yẹn mú gbogbo ènìyàn. Nọ́ọ̀sì ń wá láti ìlú, ó ń kó oògùn sórí tábìlì, ó sì ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ lọ́wọ́, wọ́n á bọ́ sí kíṣìnnì, ọ̀gá á sì di ọmọ iṣẹ́. Merle á jókòó, Athol á se ọbẹ̀ ọ̀dùnkún.

Merle tọ́ ọ wò. "Kò níyọ̀. O tún jẹ́ kó jóná nísàlẹ̀."

"Mi ò fi gbogbo ayé mi ṣe káfíńtà kí n tó wá di kúùkù."

"Èmi náà ò bẹ̀bẹ̀ pé kí n di káfíńtà. Tún un ṣe."

Àpótí kejì kéré bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àwọn igun rẹ̀ kò pàdé.

"Eku lè bímọ sínú ihò yìí," ni Athol wí.

Inú bí Merle. Ìka rẹ̀ ti bó, èjìká ń ro ó. "Ṣé o ò tiẹ̀ lè sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó dáa ni?"

"Bí ò bá wá dáa ńkọ́?"

Athol kọjú sí fèrèsé, ó ń wo odò. "Ó yẹ kí ọwọ́ mi ṣì lè ṣe é ni."

Merle tún mú ayùn.

Ẹ̀kẹta ló wà lórí tábìlì nígbà tí Noreen, aládùúgbò wọn, gbé páì ìṣáwùrú wá. Ó wo àpótí, ó wo Athol.

"Athol, pẹ̀lú ara gìrìpá tìẹ yìí, ṣé inú èyí ló máa gbà ẹ́?"

"Noreen, eérú kì í sanra."

Noreen rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì í. Merle ń fi sáńpépà ra igun kan, kò gbójú sókè. Athol jẹ páì tirẹ̀ tán, ó sì jẹ ti Merle mọ́ ọn. Lẹ́nu géètì, Noreen di ọwọ́ Merle mú, ó ní kí Ọlọ́run fún un lókun. Merle ní ó ṣeun.

Lọ́jọ́ tí àpótí náà parí, Merle ti fi igi dúdú tín-ín-rín ṣe ọnà yí ọmọrí ká.

"Kí la máa kó sí i tó bá padà dé?" Athol béèrè.

"Bọ́tìnnì. Mi ò fẹ́ ìwọ̀ ẹja."

Athol gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, àwọn méjèèjì sì tẹ́tí. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Igun kan ṣì wọ́," ó ní.

"Jẹ́ kó wọ́." Merle na àkísà àti ìgò òróró sí i. "Kíkùn ni tìẹ. Ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kan án."

Athol fi òróró kùn ún, títí aṣọ rẹ̀ fi rin dé ìgbúnwọ́.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lórí òkè, Noreen wa ọkọ̀ lọ sáàárín odò, ọwọ́ tó di àpótí náà mú sì ń gbọ̀n láti èbúté títí dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọrí kò dún lẹ́ẹ̀kan, Athol bá tẹrí ba, ó sì sọ fún Merle tó wà nínú àpótí náà pé, "Ó dáa."