Fíláàṣì Tí Yóò Jí Kọ̀ǹpútà Kọ̀yà

Ọjọ́ Àìkú ni kọ̀ǹpútà Kọ̀yà kọ̀ tí kò ṣí mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní òkè òkun ń retí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ di ti ẹlòmíràn. Omi òjò ti ba ojúlówó ìwé náà jẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní Ajégúnlẹ̀ níbi tí omi kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Fóònù tí Kọ̀yà fi ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ti já a gbà ní Ìjọ́rà Bàdíà. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ẹ̀dà rẹ̀ kù sí, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe é gan-an ò fẹ́ gbúròó rẹ̀ mọ́.

Oghenetega, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Warehouse Road, ní Àpápá, ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tòun ti táì lọ́rùn. Wọ́n ti ti géètì ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà pa nítorí ọjọ́ ìsinmi, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ló rí gbé. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú tipẹ́. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

"Tẹ́gà, ṣé ó máa jí báyìí?" Kọ̀yà bi í.

"Kò kú, ó kàn dákú ni. Màá fi láptọ́ọ̀pù yìí kó Windows sínú fíláàṣì kan tí a máa fi jí i. Ṣùgbọ́n kí iná má lọ o. Tó bá lọ kí n tó ṣe é tán, fíláàṣì ti bàjẹ́ nìyẹn, from the top we go start."

"Jésù á fọwọ́ bà á," ni ìyá Kọ̀yà wí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Níyìọlá ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ró ìró, ó sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ àwọn mítà, níbi tí káàtáòtù tó ń gbé iná wọ yàrá kọ̀ọ̀kan tò sí bí eyín. Ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà.

Tẹ́gà wo àwòrán kan lára ògiri. "Mama, ta nìyí?"

"Níyìọlá ni, àkọ́bí mi. Ó wà ní òkè òkun."

"Ah! Ó ń pè yín dáadáa?"

"Á pè." Ìyá wọlé, ó fi etí ìró nu gíláàsì àwòrán náà. "Ó ní tóun bá ti débẹ̀ lòun á pè. Kọ̀yà ò tíì wọ sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn."

Fíláàṣì àkọ́kọ́ parí, wọ́n tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò dé.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún tòde òní ni mo ṣe é," ni Tẹ́gà wí. "Bàbá lèyí. Ó fẹ́ kéèyàn dọ̀bálẹ̀."

"Dọ̀bálẹ̀ fún un nígbà náà! Ṣé táì ló ń dí ẹ lọ́wọ́ ni?" ni Kọ̀yà wí.

Tẹ́gà bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, ní ọ̀nà àtijọ́. Ìyá yọjú.

"Ó kù díẹ̀ àbí ó kù púpọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Mama."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó padà síta lọ gbàdúrà. Iná lọ.

Kọ̀yà bú àwọn elétíríkì láti orí ọ̀gá títí dé orí ẹni tó ń gun òpó. Lẹ́yìn ògiri, tẹlifíṣọ̀n Gafar, ará yàrá kejì, ṣì ń pariwo bọ́ọ̀lù.

"Sólà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nìyẹn," ni Kọ̀yà wí. "Àdúgbò ò gbọdọ̀ sùn." Òun àti Gafar kì í kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ẹni tó yẹ kó fọ balùwẹ̀.

"Jókòó," ni ìyá wí. "Èmi á lọ bẹ̀ ẹ́."

Kò pẹ́ tó fi dé. "Ó ní sólà òun ò lè gbé kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n kí yín."

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn wé lórí kí wọ́n tó fà á. Okùn ò sí lórí ìṣó tó máa ń wà. Gbogbo wọn wá a. Ìyá gbé ìkòkò, ó ká ẹní, ó tilẹ̀ gbọn Bíbélì wò. Kọ̀yà tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó wé e, ó fà á, okùn já, ó sì fi ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá wí, ó tún ìró rẹ̀ fún mọ́ ìdí.

Iná dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá gbé ìrẹsì wá fún wọn, ó bi wọ́n bóyá ó kù díẹ̀, ó jáde. Iná lọ.

"Mama, abeg, ẹ má bi mí mọ́," ni Tẹ́gà wí. "Ó dà bíi pé iná ń gbọ́ ohùn yín."

Kọ̀yà rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Nígbà tí iná tún dé, aago mẹ́fà ò jìnnà mọ́. Ìyá ò yọjú, kò bèèrè nǹkan kan. Fíláàṣì parí. Wọ́n tì í bọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ojú rẹ̀ dúdú títí, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ búlúù rọra yọ níbẹ̀.

Kọ̀yà fò sókè. "Mọ́mì! Mọ́mì, ó ti jí! Ẹ wá wò ó!"

Iná lọ.

Wọ́n jókòó sínú ooru títí aago ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì fi lu mẹ́fà. Tẹ́gà tú táì rẹ̀, ó dì í sápò, ó ní òun á padà wá lọ́la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn mọ̀ pé lọ́la ò wúlò. Kọ̀yà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìyá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì," ni Kọ̀yà wí. "Ẹ̀yin náà ò sinmi láti àárọ̀."

Nígbà tó sùn lọ, Ìyá Níyìọlá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ káàtáòtù kan láti inú bùbá rẹ̀, ó tì í padà sí àyè rẹ̀ lábẹ́ mítà wọn, iná sì tàn nínú yàrá. Ó wá tú okùn jẹnẹrétọ̀ tó fi di ìró mọ́ ìdí láti òwúrọ̀, ó sì lọ fi í kọ́ sórí ìṣó.