Èènì Morìnsọ́lá

Obìnrin kan wà ní ọjà Àgbádárìgì láyé ìjọba òyìnbó, Morìnsọ́lá ni orúkọ rẹ̀, olójúkòkòrò ni. Ebi kò pa á rí. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Òjó, ọkọ rẹ̀ sì ń gba owó oṣù. Síbẹ̀, gàrí tó ń tà, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á, àgàgà bí onítọ̀hún bá jẹ́ àlejò.

Ó gbé kóńgò rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ kan ní Aradagun, ó ní kí ó fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Láti ọjọ́ náà, kóńgò yẹn kì í kúrò lórí òkìtì gàrí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí rẹ̀. Bí ó bá wọn gàrí tán, yóò bu èènì lé e, ẹ̀kúnwọ́ lórí ẹ̀kúnwọ́, yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò máa ṣàdúrà fún oníbàárà. Àwọn àlejò á dúpẹ́ títí. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀: kí ènìyàn jí oúnjẹ ẹni, kí ó tún gba ọpẹ́ lé e!

Nígbà náà ni Dosi àti Zinsu ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Ègùn, sá dé láti ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, nítorí wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà níbẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n gbé dání. Zinsu ń wá àwọn apẹja tí yóò gbà á sí ọkọ̀, kò tíì rí. Dosi ta iyùn tí ìyá rẹ̀ fún un, owó náà ni wọ́n fẹ́ fi jẹun títí iṣẹ́ yóò fi dé. Kò mọ ọjà, kò mọ ẹnì kan. Nígbà tó rí èènì Morìnsọ́lá, ó ní òun ti rí ìyá ní ìlú àjèjì. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Deborah tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí èènì Deborah kéré.

Ṣùgbọ́n gàrí náà kì í pẹ́ tán. Dosi dín tirẹ̀ kù, síbẹ̀ ó ń tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń sunkún ebi, Zinsu wo inú ìkòkò gàrí, ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Ta lò ń bu gàrí wa fún?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Dosi dé egungun. Òun tí kò jẹun yó láti ìgbà tí wọ́n ti dé! Kò sunkún. Ó lọ sọ́jà, ó ra kóńgò kan lọ́wọ́ Morìnsọ́lá, tèènì-tèènì, ó gbé e yà sọ́dọ̀ Deborah pé kí ó bá òun tún un wọ̀n. Kóńgò Deborah kò kún. Dosi padà sọ́dọ̀ Morìnsọ́lá.

“Ìyá, mi ò fẹ́ èènì yín mọ́. Ẹ fún mi ní gàrí mi.”

Morìnsọ́lá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ o! Ègùn tó dé lánàá fẹ́ kọ́ mi lọ́jà títà. Kọ́kọ́ lọ kọ́ Yorùbá ná!”

“Yorùbá tí mo gbọ́ tó, Ìyá. Ẹ gbé kóńgò yẹn sókè.”

“Mi ò gbé e! Kí lo fẹ́ ṣe? Máa lọ sílé!”

“Éò!” Dosi fi èdè Ègùn kọ̀. “Mi ò lọ.”

Dosi na ọwọ́, ó fa kóńgò náà yọ, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbé e ga sókè. Gbogbo ọjà rí ìdí tó ti tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀. Ariwo sọ.

Wọ́n pe Ọ̀ṣuntóyìn, ìyálọ́jà. Ó wo kóńgò náà, ó mi orí.

“Morìnsọ́lá, bẹ obìnrin yìí, fún un ní gàrí rẹ̀, kí o sì ra kóńgò míràn. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.”

“Ìyálọ́jà, mi ò ní í bẹ àlejò láéláé. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lé mi.”

“A ti lé ọ nìyẹn.”

Zinsu bẹ ìyàwó rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Gàrí Deborah sì tó wọn jẹ títí àwọn apẹja ìlú Imeke fi gba Zinsu sí ọkọ̀ wọn.

Ọkọ Morìnsọ́lá ní kí ó lọ túúbá, kò gbà. Ó ní ọjà pọ̀ láyé, ó di ẹrù, ó kọrí sí Kútọnu. Gbogbo ọdún tó fi gbé láàárín àwọn Ègùn ní Àgbádárìgì, kò kọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, ó ní èdè apẹja ni. Ní Kútọnu, èdè tó jọ ọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò lè pe oníbàárà, kò lè dá wọn lóhùn. Ọjà rẹ̀ kùtà, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó padà sílé.

Lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa á, ó mú ìwọ̀nba tó kù lọ ra gàrí. Obìnrin tó ń tà á kò gbé kóńgò kúrò lórí òkìtì gàrí. Ó wọ̀n ọ́n, ó bu èènì lé e, ẹ̀kúnwọ́ lórí ẹ̀kúnwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Morìnsọ́lá mọ ọgbọ́n náà. Ó nawọ́ sí kóńgò náà, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí wọ́n gbé e sókè. Ó pariwo ní Yorùbá. Àwọn ọlọ́jà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyálọ́jà wo ni yóò pè, èdè wo ni yóò fi pè é? Ó di gàrí náà sí etí aṣọ rẹ̀, ó tẹríba, ó sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá ń rẹ́ àlejò jẹ, kí ó rántí pé òun náà lè di àlejò níbòmíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kí ó bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ṣì rọrùn, kí ó bẹ̀bẹ̀. Ní ti ẹ̀yin àlejò tí owó yín kò tó nǹkan, ẹ má jẹ́ kí èènì dí yín lójú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè yín dẹ́rù bà yín. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n gbé kóńgò sókè.