Ọ̀kadà Tó Ń Jò ní Bẹẹrẹ

Kúbúrá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀kadà Ọ̀gá Sàídì, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì, ó ń nu ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà jò.

Bó bá tún jò, gbogbo mẹkáníìkì Bẹẹrẹ tó dúró yí wọn ká ni yóò fi í ṣẹ̀sín.

"Ìgbà mẹ́ta ni mo fún nọ́ọ̀tì yẹn pa," ni Ọ̀gá Sàídì wí. "Ọwọ́ ẹlẹ́gẹ́ yìí ló máa dá a dúró?"

"Àfúnjù yín ló ba wọ́ṣà pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ jẹ́, ọ̀gá."

Ó fi wọ́ṣà tuntun sí i. Ó fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, ó sì fi sípánà fún un níwọ̀nba.

Wọ́n da ọ́ìlì sí i, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀.

"Eélòó?"

"N ò gbowó. Àdúrà ìyọ̀nda tí ẹ fi dù mí nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ ṣe, níṣojú àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí."

Kúbúrá kúnlẹ̀. Sàídì ń kùn àdúrà náà lábẹ́nu.

"Ẹ gbóhùn sókè."

Ó gbé e sókè. Gbogbo mẹkáníìkì ṣe àmín.

Kúbúrá dìde, ó sì lọ.