Wáyà Tí Adébóyè Fi Rọ́pò Fúùsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí àwọn èèyàn máa ń gbé ìṣòro wọn tọ̀ lọ. Inú mi kò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.

Rìwáyà ni Adébóyè, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ó máa ń fọ́nnu pé kò sí àìsàn iná ọkọ̀ tó lè gba òun ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ.

Ní oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, Yasir gbé ọkọ̀ kan wá. Dírẹ́bà Màmá Mọ́ṣádé ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè wakọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú ọkọ̀ ti dákẹ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀, èémí wa á bo gíláàsì iwájú, n kì í rí ọ̀nà mọ́."

Adébóyè fi fúùsì tuntun sí i. Fáànù náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Fúùsì ti jó. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà jó.

"Ọ̀gá, kó tó dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ìró kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bíi pé nǹkan há sí i. Abẹ́ igi máńgòrò la máa ń gbé ọkọ̀ sí. Bóyá ewé ló wọ̀ ọ́, ẹ bá wa tú u wò."

"Yasir, nínú èmi àti ìwọ, ta ni rìwáyà?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú."

Òótọ́ ni Yasir sọ, Adébóyè sì mọ̀. Fúùsì kì í jó lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí. Ṣùgbọ́n àtitú fáànù jáde yóò gba wákàtí méjì, ogún ìṣẹ́jú sì ti lọ. Rìwáyà tó wà ní ìsọ̀ kejì ń wo aago, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú, ó ku mẹ́wàá o."

2.

Adébóyè bó wáyà kan, ó wé bàbà inú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì fúùsì tó ti jó, ó sì tì í padà sáyè rẹ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ fúùsì ni pé kó jó kí ọkọ̀ má baà jó. Bàbà kò mọ iṣẹ́ yẹn.

"Kí ló ṣe é, sà?" Yasir bi í.

"Fúùsì ayédèrú ló wà níbẹ̀. Máa lọ."

3.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Yasir ń gbé Màmá lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin nínú òjò. Èéfín rú jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́sẹ̀ Màmá, iná sì tẹ̀ lé e. Yasir dúró, ó sáré yípo, ó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́líìtì Màmá kọ̀, kò tú. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú iná, ó sì ń fa ìdè náà títí ó fi tú.

Màmá jáde, kò fara pa. Ọkọ̀ jó ku irin. Ọwọ́ Yasir bó.

4.

Lọ́jọ́ kejì, Olúwaṣèyítán, àkọ́bí Màmá, dé láti Èkó. Ó ránṣẹ́ pe Adébóyè. Àwọn ará àdúgbò ti pé yí òkú ọkọ̀ náà ká ní àgbàlá Màmá, níbi tí wọ́n wọ́ ọ dé.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ iná ọkọ̀. Mo gbọ́ pé Yasir máa ń fi fóònù rẹ̀ sí ṣájà nínú ọkọ̀ yìí. Ṣé ìyẹn lè fà á?"

Yasir jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wo Adébóyè bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òun ti dé.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Adébóyè wí.

"Ọ̀gá, ẹ rántí fáànù tí mo gbé wá."

"Fáànù yẹn kò ní àìsàn kankan mọ́."

Ọjọ́ náà ni wọ́n lé Yasir kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó dé ìta, ẹnìkan ti ń pè é ní Yasir Ṣájà.

5.

Láti ọjọ́ náà, Adébóyè kò lè mú fúùsì lọ́wọ́ kí ó má rí báńdéèjì yẹn. Ó gbọ́ pé Yasir wá iṣẹ́ dírẹ́bà lọ sí Odogbolu, wọ́n sì bi í pé, "Ṣé ìwọ kọ́ lo sun ọkọ̀ ọ̀gá rẹ?" Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi kò sọ pé òun ni. Mo ní ó lè jẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ náà kò tù ú lára.

Níkẹyìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Mọ́ṣádé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ní kó dìde.

"Lójú ta lo ti sọ ti àkọ́kọ́?"

"Lójú gbogbo àdúgbò, Mà."

"Ojú wọn náà ni wàá ti sọ èyí. Èmi náà máa wà níbẹ̀, torí mo gbọ́ irọ́ náà, n kò sì bi ọmọ tó yọ mí nínú iná ní ìbéèrè kan."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Adébóyè dúró ní àgbàlá náà, ó sì sọ ọ́. Màmá bẹ Yasir, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò ká mọ́. Dókítà ní wọn kò ní í ká mọ́. N kò lè di sítíárì ọkọ̀ mú." Ó wá yíjú sí Adébóyè. "Wákàtí méjì péré ni iṣẹ́ yẹn ì bá gbà yín, sà."

Ìsọ̀ Adébóyè ṣì wà. Ó ń tú fáànù tó bá kọ iṣẹ́ títí dé ìdí, bó bá gba odindi ọjọ́. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá kò pọ̀ mọ́, kò sì bínú sí wọn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, nǹkan tó bàjẹ́ ń bá yín sọ̀rọ̀: ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má dí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó ń sìn yín kí ẹ tó lé e. Ìwọ tó ti ṣẹ̀, sọ ọ́ lónìí. Ìjẹ́wọ́ tó pẹ́ dá orúkọ Yasir padà, kò dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi yín, torí àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.